Ṣé Ó Yẹ Kí Ẹgbẹ́ NFL Tètè Mú Running Back Nínú Draft?

Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, New York Giants ló wà ní ipò kejì lórí ìlà àwọn ẹgbẹ́ tí yóò yan ọmọ tuntun nínú draft NFL, líìgì bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà. Saquon Barkley ni wọ́n mú, running back (ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré) láti Yunifásítì Penn State. Ọmọ náà kò dójú tì wọ́n. Ní sáà àkọ́kọ́ tó gbá, tí a bá da èyí tó fẹsẹ̀ sá pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n jù sí i tó sì mú, ó gbé bọ́ọ̀lù rìn ju 2,000 yáàdì lọ, wọ́n sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ ọmọ tuntun tó ta yọ jù lọ láàárín àwọn tó ń gbá iwájú. Giants fúnra wọn ńkọ́? Eré 16 ni wọ́n gbá lọ́dún yẹn, wọ́n pàdánù 11.

Nígbà tó máa fi di oṣù kejì ọdún 2025, Barkley yìí kan náà ti gba ife Super Bowl, ife tó ga jù nínú NFL. Aṣọ Philadelphia Eagles ló wà lọ́rùn rẹ̀, ẹgbẹ́ tí àwọn olólùfẹ́ Giants kì í fẹ́ rí sójú rárá. Ó sá 2,005 yáàdì ní sáà yẹn, ohun tí àwọn tó tíì ṣe é rí nínú ìtàn NFL kò pé mẹ́wàá.

Bí àríyànjiyàn bá wá dé, Barkley ni gbogbo ènìyàn ń tọ́ka sí. Ẹni tó ní kò yẹ kí ẹgbẹ́ kankan tètè mú running back yóò ní ẹ wo Giants. Ẹni tó ní ó yẹ yóò ní ẹ wo Eagles. Ẹni tí kò tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí wo bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà kò ní mọ èyí tí yóò gbà gbọ́. Lójú tèmi, ìbéèrè méjì ni wọ́n dà pọ̀. Èkíní ni pé ṣé ọmọ náà mọ iṣẹ́. Èkejì ni pé ṣé ohun tí ẹgbẹ́ máa fi rà á kò pọ̀ ju ohun tó máa bá wọn ṣe lọ. Ìdáhùn sí èkíní lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí ti èkejì sì jẹ́ rárá.

Fún ẹni tí eré yìí ṣàjèjì sí: bí ẹgbẹ́ kan bá ní bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, ìgbìyànjú mẹ́rin ni wọ́n ní láti fi rìn 10 yáàdì síwájú. Ọ̀nà méjì ni wọ́n lè gbà. Quarterback, ìyẹn ọ̀gá tó ń darí eré, lè ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, tàbí kó fi lé running back lọ́wọ́ kí ìyẹn fi sáré wọ àárín àwọn alátakò lọ. Ìjùbọ́ọ̀lù kan máa ń mú nǹkan bíi yáàdì 7 wá, ìsáré kan sì máa ń mú bíi mẹ́rin àti díẹ̀. Draft ní tirẹ̀ ni ètò tí ẹgbẹ́ 32 fi ń yan àwọn ọmọ tó ń ti yunifásítì bọ̀, ìpele méje, ọdọọdún. Ẹgbẹ́ tó burú jù ní sáà tó kọjá ló ń kọ́kọ́ yàn. Nítorí náà, ẹni tó bá wà ní ipò kejì tàbí ìkẹta, ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣàìsàn, oògùn ló sì wá wá síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká yọ nǹkan kan kúrò lọ́nà. Bí ẹ bá gbọ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ yín ní Houston tàbí London ń sọ pé running back ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fantasy football ni wọ́n ń sọ, eré tí àwọn òǹwòran fi ń díje láàárín ara wọn. Níbẹ̀, yáàdì àti touchdown, ìyẹn gbígbé bọ́ọ̀lù dé ìpẹ̀kun pápá alátakò, nìkan ni wọ́n ń kà. Kò sí ẹni tó ń sanwó iṣẹ́ fún Barkley nínú fantasy, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ń bi yín pé ta ló ń lànà fún un. Àmọ̀ràn tó dára níbẹ̀ lè ba ẹgbẹ́ gidi jẹ́.

Nínú ẹgbẹ́ gidi, ọ̀rọ̀ owó ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ NFL kọ̀ọ̀kan ní iye tí owó àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá lọ́dún kan. Ní 2024, 255.4 mílíọ̀nù dọ́là ni. Bí olówó tó ni ẹgbẹ́ bá lówó ju gbogbo ayé lọ, kò lè fi kún un kó máa ra ẹni tó bá wù ú. Dọ́là tí wọ́n bá fún agbábọ́ọ̀lù kan, ọwọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n ti yọ ọ́.

Kí ó tó di 2011, ńṣe ni ọmọ tuntun máa ń bá ẹgbẹ́ tó yàn án dúnàádúrà. Sam Bradford, quarterback tí St. Louis Rams mú ní ipò kìíní ní 2010, gba àdéhùn 78 mílíọ̀nù dọ́là fún ọdún mẹ́fà kó tó gbá bọ́ọ̀lù kankan nínú NFL, 50 mílíọ̀nù nínú rẹ̀ sì dájú fún un. Lọ́dún kejì, àwọn tó ni ẹgbẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù fọwọ́ sí àdéhùn tuntun. Láti ìgbà náà, ipò tí wọ́n ti yan ọmọ ló ń sọ iye tó máa gbà fún ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́. Cam Newton tó wà ní ipò kìíní ní 2011 gba nǹkan bíi 22 mílíọ̀nù fún ọdún mẹ́rin.

Ẹ fara balẹ̀ bá mi wo ohun tí èyí dá sílẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn yìí ti ṣẹ̀ wá. Wọ́n ń sanwó fún ipò, wọn kò sanwó fún iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe. Quarterback tí wọ́n mú ní ipò kejì àti running back tí wọ́n mú ní ipò kejì, iye kan náà ni. Ṣùgbọ́n ní ọjà gbangba, níbi tí agbábọ́ọ̀lù tó ti dàgbà ti ń ta iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹni tó bá san jù, iye wọn kò súnmọ́ra rárá.

Nínú draft 2018 yẹn, Buffalo Bills mú quarterback kan tó ń jẹ́ Josh Allen ní ipò keje. Àdéhùn rẹ̀ tó nǹkan bíi 21 mílíọ̀nù fún ọdún mẹ́rin, ìyẹn lé díẹ̀ ní 5 mílíọ̀nù lọ́dún. Ní 2021 Buffalo fún un ní àdéhùn tuntun: 258 mílíọ̀nù fún ọdún mẹ́fà. Ìyẹn jẹ́ 43 mílíọ̀nù lọ́dún. Ẹni tó tó 43 mílíọ̀nù ni wọ́n ń lò ní 5 mílíọ̀nù nígbà yẹn, owó tó sì ṣẹ́kù wà lára ohun tó fún wọn láyè láti lọ gba Stefon Diggs, ògbólógbòó nínú àwọn tó ń mú bọ́ọ̀lù tí quarterback jù, lọ́wọ́ Minnesota ní 2020.

Ti Barkley ńkọ́? Giants san nǹkan bíi 31 mílíọ̀nù fún ọdún mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8 mílíọ̀nù lọ́dún. Nígbà tó di 2024 tó dé ọjà gbangba, Eagles gbà á ní 37.75 mílíọ̀nù fún ọdún mẹ́ta, nǹkan bíi 12.6 mílíọ̀nù lọ́dún. Ohun tí Giants rí jẹ níbẹ̀ kò tó 5 mílíọ̀nù lọ́dún. Èyí tí Buffalo rí jẹ lórí Allen ju 37 mílíọ̀nù lọ. Ipò kejì nínú draft jẹ́ ohun tí ẹgbẹ́ lè má rí fún ọdún mẹ́wàá, Giants sì fi ra ohun tí wọn ì bá ti rí rà lọ́jà ní iye tó súnmọ́ ọn.

Ẹnìkan lè bi mí pé ṣé Giants mọ̀ pé Allen máa dára tó bẹ́ẹ̀ ni? Wọn kò mọ̀. Sam Darnold, quarterback tí New York Jets mú tẹ̀lé Barkley gan-an, kò bọ́ sí i fún wọn, wọ́n sì ta á lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ewu wà nínú gbogbo yíyàn. Ṣùgbọ́n bí quarterback bá bọ́ sí i, ó ń tún ẹgbẹ́ ṣe fún ọdún mẹ́wàá. Barkley bọ́ sí i pátápátá fún Giants, síbẹ̀ ní gbogbo ọdún mẹ́fà tó lò níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n dé playoff, ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tó ta yọ lẹ́yìn sáà, ìyẹn ní sáà 2022, Eagles ló sì nà wọ́n jáde pẹ̀lú 38 sí 7.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwọn tó ń lànà. Géńdé márùn-ún ló máa ń dúró níwájú quarterback, wọ́n ń pè wọ́n ní offensive line. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n ti àwọn alátakò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí àlàfo lè là. Running back tó bá gba bọ́ọ̀lù tí kò rí àlàfo dà bí ọ̀gá awakọ̀ tí wọ́n fi ọkọ̀ tuntun rán lọ sí ojú ọ̀nà tó kún fún kòtò: ó lè yẹ ọ̀kan, ó lè yẹ méjì, àmọ́ kò lè sáré. Nígbà tí Barkley dé New York, Eli Manning tó jẹ́ quarterback ti di ẹni ọdún 37, àwọn géńdé iwájú kò sì dúró dáadáa.

Ẹ wo eré Eagles àti Jacksonville ní ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá ọdún 2024. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù kúkúrú kan sí Barkley. Ó bọ́ lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ tó fẹ́ gbá a mú, ó pòyì, ẹ̀yìn rẹ̀ wá kọ sí ibi tó ń lọ. Ẹlòmíràn ń bọ̀ níbẹ̀ tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Barkley fò sókè pẹ̀lú ẹ̀yìn, ó gba orí ọmọkùnrin náà kọjá láìwo ibẹ̀, ó balẹ̀, ó tún ń lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ létí pápá ń di orí mú. Kò sí géńdé iwájú tó lè fún ènìyàn nírú ẹ̀bùn yẹn. Ó ní in ní New York náà.

Ohun tí kò ní ní New York ni Jordan Mailata àti Lane Johnson. Mailata, ọmọ Australia, rugby ló ń gbá tẹ́lẹ̀, kò sì gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà rí kí Eagles tó mú un. Inú draft 2018 kan náà tí Giants ti mú Barkley ní ipò kejì ni wọ́n ti mú un, ní ipò 233, ìpele tó kẹ́yìn. Johnson ni wọ́n mú ní ipò kẹrin ní 2013. Lọ́dọọdún ni Eagles ń fi draft ṣe iṣẹ́ iwájú yìí, kóòṣì Jeff Stoutland ló sì ń kọ́ wọn nígbà náà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti gún régé tán ni wọ́n tó lọ ra ẹni tó máa sáré. Nínú eré tí wọ́n bá Rams gbá nínú yìnyín ní oṣù kìíní 2025, Barkley sá 205 yáàdì, ẹ̀ẹ̀kan ló bẹ́ jáde fún 78 yáàdì, ẹ̀ẹ̀kan fún 62, touchdown ni méjèèjì.

Nínú Super Bowl ẹ̀wẹ̀, Kansas City pinnu pé Barkley kò ní sá lọ́jọ́ náà, wọ́n sì mú un dé. Ìgbà 25 ló gbé bọ́ọ̀lù, yáàdì 57 péré ló rí. Eagles ṣì na Kansas City 40 sí 22, torí pé ẹgbẹ́ náà ní quarterback àti ẹ̀yìn tó lágbára, ìyẹn àwọn tó ń dá alátakò dúró. Ẹgbẹ́ tó gbé gbogbo ìrètí rẹ̀ ka orí running back kan kò lè rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ là.

Ìdí kan tún wà tí àwọn máníjà fi ń lọ́ra: running back tó dára máa ń wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wá. Jacksonville fi ipò kẹrin mú Leonard Fournette ní 2017, nígbà tí Patrick Mahomes, quarterback tó wá di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, ṣì wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè mú un. Ní oṣù kẹjọ 2020 wọ́n lé Fournette lọ. James Robinson, ọmọ tí ẹgbẹ́ kankan kò yàn ní gbogbo ìpele méjèèje, ló bọ́ sí àyè rẹ̀, ó sì sá 1,070 yáàdì ní sáà yẹn. Kareem Hunt tó sáré ju gbogbo NFL lọ ní 2017, ìpele kẹta ni Kansas City ti mú un. Isiah Pacheco, ipò 251 ní 2022, ife Super Bowl méjì ló gbà ní sáà méjì àkọ́kọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ní 2013, 2014, 2022 àti 2024, kò sí running back kankan tí wọ́n mú ní ìpele kìíní.

Ara sì ni iṣẹ́ yìí ń jẹ. Orúkọ kan wà níbẹ̀ tí etí Yorùbá máa dá mọ̀: Jay Ajayi. London ni wọ́n ti bí i, àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, Texas ló ti dàgbà, Boise State ló sì ti gbá bọ́ọ̀lù yunifásítì. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ó mọ bọ́ọ̀lù gbé, àmọ́ ẹ̀rù orúnkún rẹ̀ ń ba àwọn ẹgbẹ́, ló bá já dé ìpele karùn-ún, ipò 149, kí Miami tó mú un ní 2015. Lọ́dún kejì ó sá 1,272 yáàdì, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì kọjá 200 yáàdì nínú eré kan ṣoṣo. Ní oṣù kẹwàá 2017, Miami gbé e fún Eagles, ipò kan ní ìpele kẹrin ni wọ́n gbà dípò rẹ̀. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ó gba ife Super Bowl. Ní oṣù kẹwàá 2018, iṣan orúnkún tí wọ́n ń pè ní ACL já. Ọmọ ọdún 25 ni. Kò padà sí bó ṣe wà mọ́.

Níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí gan-an nìyí. Òfin ni pé ọmọ gbọ́dọ̀ lo ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ilé-ìwé girama kó tó wọ NFL. Bó bá wọlé ní ọmọ ọdún 21 tàbí 22, ọdún mẹ́rin àdéhùn àkọ́kọ́ ti gbé e dé 25 tàbí 26. Ẹni tó bá wà ní ìpele kìíní, ẹgbẹ́ rẹ̀ lè fi ọdún karùn-ún kún un. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tún lè lo ohun tí wọ́n ń pè ní franchise tag, tó fi ń dè é mọ́lẹ̀ fún ọdún kan sí i ní iye tí òfin sọ. Ní 2023, nǹkan bíi 10.1 mílíọ̀nù ni fún running back, ti quarterback sì lé ní 32 mílíọ̀nù. Títí tó fi máa dé ọjà gbangba, ó ti di ẹni ọdún 27, àwọn olówó á wá máa sọ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbó. Ẹsẹ̀ tó gbó lórí iṣẹ́ wọn náà ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Le'Veon Bell, running back Pittsburgh, kọ franchise tag yìí ní 2018, ó jókòó sílé fún odindi sáà. James Conner, ọmọ ìpele kẹta, ló rọ́pò rẹ̀, ó sì sá 973 yáàdì. Bí mo ṣe bá Bell kẹ́dùn tó, mo mọ̀ pé Pittsburgh ti rí ìdáhùn tí wọ́n ń wá.

Ṣé ìgbà kan wá wà tó yẹ? Ó wà. Dallas mú Ezekiel Elliott ní ipò kẹrin ní 2016. Tyron Smith, Travis Frederick àti Zack Martin ti wà níwájú, ìpele kìíní ni wọ́n ti mú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Elliott sá 1,631 yáàdì, kò sí ẹni tó sá tó o ní NFL lọ́dún yẹn, Dallas sì borí nínú eré 13. Mo fara mọ́ yíyàn yẹn. Èyí tí n kò fara mọ́ ni àdéhùn 90 mílíọ̀nù fún ọdún mẹ́fà tí wọ́n fún un ní 2019. Ní 2023 wọ́n lé e lọ kó tó parí.

Alẹ́ draft 2023 ló fi ìyàtọ̀ hàn jù lójú mi. Atlanta mú Bijan Robinson ní ipò kẹjọ. Ọmọ náà dáńgájíá, kò sí ẹni tó wo eré rẹ̀ tó máa jiyàn. Àmọ́ Atlanta kò ní quarterback tó ṣeé gbára lé. Eré 7 ni wọ́n borí ní 2023, wọ́n pàdánù 10, wọ́n lé kóòṣì, wọ́n sì tún fi ipò kẹjọ ọdún 2024 wá quarterback. Ẹni tí wọ́n mú tẹ̀lé Bijan gan-an, ní ipò kẹsàn-án, ni Jalen Carter, òpómúléró ẹ̀yìn Eagles báyìí.

Detroit wà ní ipò kẹfà ní alẹ́ yẹn. Wọ́n bá Arizona ṣe pàṣípààrọ̀, wọ́n sún sẹ́yìn dé ipò kejìlá, wọ́n sì gba ipò 34 mọ́ ọn. Ní ipò kejìlá wọ́n mú Jahmyr Gibbs, àwọn ènìyàn sì bú wọn pé wọ́n ná ju bó ṣe yẹ lọ. Ní ipò 34 wọ́n mú Sam LaPorta, ọ̀kan lára àwọn tó ń mú bọ́ọ̀lù tí quarterback bá jù. Penei Sewell, Taylor Decker àti Frank Ragnow ti wà níwájú, Jared Goff sì ti fìdí múlẹ̀ ní quarterback. Sáà yẹn, Detroit dé eré tó ṣáájú Super Bowl. Ní 2024, Gibbs sá 1,412 yáàdì, ó ní touchdown 20, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì borí nínú eré 15 nínú 17.

Las Vegas Raiders ti fi ipò kẹfà ọdún 2025 mú Ashton Jeanty, ọmọ Boise State tó sá 2,601 yáàdì ní sáà tó kẹ́yìn ní yunifásítì. N kò ní bi ẹnikẹ́ni pé ṣé Jeanty mọ̀ ọ́n sá. Àwọn márùn-ún tó dúró níwájú rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò bí eré wọn bá ti bẹ̀rẹ̀.